Màmá Tí Kò Pé Ìwọ̀n

Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ ńlá ni láti sọ ọmọ ọdún méje di arúgbó, ẹni náà kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù Alágbàfọ̀ rí. Òwú díẹ̀, súwẹ́tà kan, ìrọ̀rí kékeré tí a so mọ́ ẹ̀yìn, awò ojú tí gíláàsì ti yọ kúrò nínú rẹ̀, ó tán. Kò gba abẹ́rẹ́, kò gba owó. Ibi tí wàhálà wà ni bí a ṣe máa sọ arúgbó náà padà di ọmọ, ìyẹn gan-an ni kò sì sí ẹni tó kọ́ Alágbàfọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló wà níwájú, ilé ló wà lẹ́yìn, aṣọ àwọn oníbàárà tó so rọ̀ sórí irin gígùn kan ló sì pààlà sáàárín méjèèjì. Nínú àwọn aṣọ yẹn, àwọn kan wà tí àwọn tó ni wọ́n ti gbàgbé wọn pátápátá, àwọn yẹn ni Alágbàfọ̀ fi ń dárà. Lọ́dọọdún, ilé ìwé ọmọ rẹ̀ máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí àwọn ọmọ á múra bí ohun tí wọn kì í ṣe. Ní ọdún kan, ó dé ọmọ náà ní ìbòrí iná tó ti bàjẹ́, ó fi aṣọ ìbùsùn funfun wé e lára, ọmọ di olú tó ń hù lórí ìtì igi. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ki àkísà bọ inú ìbọ̀sẹ̀ dúdú mélòó kan, ó fi háńgà gbé wọn dúró, ọmọ di aláǹtakùn, tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ kan fi bọ́ bàtà lé e dé ẹnu géètì. Àwọn òbí mìíràn ń náwó sí ọ̀rọ̀ yìí. Alágbàfọ̀ ń wò wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lọ́dún yìí, wọ́n ní kí oníkálukú múra bí ohun tó fẹ́ dà tó bá dàgbà. Àwọn kan fẹ́ wa ọkọ̀ òfúrufú, àwọn kan fẹ́ máa gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ọmọ Alágbàfọ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bíńtín torí pé orí rẹ̀ kò tíì ga ju káńtà ṣọ́ọ̀bù lọ, ní òun fẹ́ di Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá òun.

"Nínú gbogbo nǹkan tó wà láyé, Màmá Àgbà lo rí?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Màmá Àgbà máa ń jókòó, kò sì sẹ́ni tó máa ń ní kí wọ́n dìde."

Ojú egbò ni ọmọ náà tẹ̀ yẹn, nítorí pé ẹni tó fẹ́ ní kí Màmá dìde ti pè lórí fóònù.

Ẹ̀gbọ́n Alágbàfọ̀ ọkùnrin ni, àkọ́bí Màmá, tí wọ́n ń pè ní Bọ̀dá Òṣùwọ̀n nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba ló gbà á pé kó máa yẹ òṣùwọ̀n àwọn oníṣòwò wò. Ibi yòówù kí wọ́n ti ń wọn ẹran, ìṣó tàbí wúrà, ẹ ó bá a níbẹ̀, báàgì rẹ̀ lápá, aago rẹ̀ lọ́wọ́. Tí òṣùwọ̀n bá fi èyí tó kéré bí èékánná purọ́, yóò lẹ ìwé pupa mọ́ ọn lójú, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n ní ó ti lẹ ìwé pupa mọ́ òṣùwọ̀n ìyá ìyàwó rẹ̀ rí, tó sì jókòó jẹun nílé obìnrin náà kó tó lọ.

Ohun tó sọ lórí fóònù kò gùn. "Ilé àkọ́bí ló yẹ kí ìyá máa gbé. Awakọ̀ mi á wá gbé Màmá láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì." Ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún Màmá. Màmá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi."

Kò dáa rárá. Màmá kò fẹ́ lọ. Nílé Bọ̀dá, ọ̀rá ni wọ́n fi bo gbogbo àga, omi ìwẹ̀ ní ìwọ̀n, oorun ọ̀sán ní ìwọ̀n. Níbí, àga Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ooru áyọ́ọ̀nù ń tu orúnkún rẹ̀ lára, òun ló sì ń yẹ àpò aṣọ wò kí aṣọ tó wọ omi. Kò sí ẹni tí àpò rẹ̀ kò tíì tú àṣírí rẹ̀ fún Màmá ní gbogbo òpópónà yẹn. "Ọkùnrin yìí tún ti padà sídìí sìgá," Màmá á wí, á sì gbé ṣòkòtò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àga kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Bọ̀dá ni Màmá gbé e kalẹ̀ dè, ṣùgbọ́n tí Bọ̀dá bá wá kí i, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, á wo Màmá, á wo àjà, á wo aago, á lọ. Tó bá ti lọ tán, Màmá á ti àga náà padà sí àyè rẹ̀, á ní, "Kò jókòó."

Ta ló máa wá sọ fún Bọ̀dá pé kó fi Màmá sílẹ̀? Ìyá àti ọmọ yìí kò sọ "rárá" fún ara wọn rí. Màmá ti wá ọmọ títí kó tó rí i bí, ìgbà tó sì dé, "bẹ́ẹ̀ ni" ló fi tọ́ ọ. Òun náà ń dá "bẹ́ẹ̀ ni, Mà" padà títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Alágbàfọ̀ ní tirẹ̀, àbúrò ni. Àbúrò wo ló máa la ẹnu sọ fún àkọ́bí pé kò lè gbé ìyá rẹ̀ lọ? Ọ̀rọ̀ náà wá di ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ àfi ẹnì kan ṣoṣo, ẹni náà sì rò pé gbogbo wọn ló fẹ́ ẹ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Màmá ń di ẹrù rẹ̀, Alágbàfọ̀ ń sọ ọmọ di Màmá. Nínú ẹrù yẹn náà ni aṣọ ti jáde.

"Ẹ má fún un ní súwẹ́tà yẹn, Mà. Ẹ̀yin lẹ ń wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ní òtútù kì í mú lọ́dọ̀ òun. Jẹ́ kó wọ̀ ọ́."

Súwẹ́tà náà kan Bíńtín lọ́rùn ẹsẹ̀. Alágbàfọ̀ ká a sókè, ó fi pínnì há a, ó sì fi rọ́bà de ìbàdí rẹ̀ kó má baà já wálẹ̀. Ó gbé ìrọ̀rí kékeré sáàárín èjìká méjèèjì, ẹ̀yìn ọmọ tẹ̀. Ó gé orí ìbọ̀sẹ̀ gígùn kan, ó fi dé e ní fìlà, ó sì fa òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ ẹ́ káàkiri pẹ̀lú sítáàṣì tó fi ń mú kọ́là gan. Ó fi àjókù ìṣáná fa ìlà mẹ́ta sí i níwájú orí. Agbòòrùn dúdú kan tí oníbàárà kan gbàgbé ló fi ṣe ọ̀pá fún un. Nígbà tó tán, ó sún sẹ́yìn, ó sì rí i pé Màmá méjì ló wà nínú ilé, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú.

"Aṣọ nìkan kì í ṣe arúgbó," Màmá gíga ní. "Gbọ́, ọmọ mi. Tí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan, má yára dáhùn. Kọ́kọ́ ní 'hùn', kí o jẹ́ kí ara wọn má lélẹ̀ díẹ̀. Gbogbo èèyàn ni kí o máa pè ní ọmọ mi. Tí wọ́n bá wá bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, tẹjú mọ́ wọn. Wọ́n á dá ara wọn lóhùn."

Ìyá Bíńtín fẹ́ dán an wò. "Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe wá láti ilé?"

"Hùn," Bíńtín ní. Ó tẹjú mọ́ ọn láti ẹ̀yìn awò ojú tí kò ní gíláàsì. "Ọmọ mi."

Alágbàfọ̀ bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń sọ pé bóyá iṣẹ́ náà tiẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọdé.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì mọ́, ó wọ ọmọ náà láṣọ, ó gbé e sórí àga Màmá lẹ́nu ọ̀nà kó máa retí ọkọ̀ ilé ìwé, ó sì fi Màmá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tó ti dì. Lẹ́yìn náà ló sá wọ ẹ̀yìn aṣọ lọ, ó gbá áyọ́ọ̀nù mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń sunkún. Kò fẹ́ kí Màmá rí i. Ohun tí kò mọ̀ ni pé Màmá ti fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ aránbàtà tó wà ní ojúlé kejì, láti lọ dágbére fún un, kó sì padà wá jókòó de awakọ̀.

Ó gbọ́ ìró mọ́tò. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan. "Ẹ káàárọ̀, Mà. Ọ̀gá ní kí n wá fi ọkọ̀ gbé yín."

"Hùn." Ó pẹ́ díẹ̀. "Ó dáa, ọmọ mi."

Alágbàfọ̀ di ẹnu mú. Ó gbọ́ tí wọ́n gbé ẹrù, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn mọ́tò pa dé. Kò lè jáde. Ó ní tóun bá jáde, òun á rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ Màmá bí ọmọ ọwọ́, Bọ̀dá á sì gbọ́.

Áyọ́ọ̀nù kò tíì tutù tí fèrè ọkọ̀ ilé ìwé fi dún. Ohùn obìnrin tó ń kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀ ló gbọ́ báyìí. "Ẹ gbà mí, ẹ wo irun. Ẹ wo bí ẹ̀yìn ṣe tẹ̀. Ìyá ọmọ yìí á pa wá lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan. Ó yá, wọlé, a ti pẹ́."

"Ọmọ mi, dúró ná, èmi kọ́ ni..."

"Ó tiẹ̀ tún ń sọ ọ́ lẹ́nu. Gbé ẹsẹ̀, gbé ẹsẹ̀, ká lọ."

Ilẹ̀kùn pa dé. Alágbàfọ̀ nu ojú, ó jáde. Àga méjèèjì ṣófo. Ó jókòó sórí èyí tó jẹ́ ti Màmá, ó rí i pé ó ṣì gbóná, ó sì tún bú sẹ́kún. Ó wá rántí ṣẹ́ẹ̀tì tó fi áyọ́ọ̀nù lé lórí. Ó ti jó.

Nígbà tí fóònù dún, Bọ̀dá ni.

"Màmá ti dé ọ̀dọ̀ mi."

"Ẹ ṣeun, sà."

Bọ̀dá dákẹ́. Bọ̀dá kì í dákẹ́ lórí fóònù, owó ni. "Kí lẹ máa ń fún wọn jẹ níbẹ̀ yẹn?"

"Ohun tí gbogbo wa ń jẹ, sà. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Wọ́n fúyẹ́. Awakọ̀ ní ọwọ́ kan ṣoṣo lòun fi gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣá pé orúnkún wọn ti sàn."

"Orúnkún Màmá?"

"Wọ́n ń fò lórí àga. Wọ́n fò láti orí èyí tó gùn bọ́ sórí èyí tó kúrú. Wọ́n ní kí n fún wọn ní súìtì. Mo wọn ọ́n fún wọn."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nísàlẹ̀ àga níwájú Alágbàfọ̀, òwú kékeré kan wà nílẹ̀, sítáàṣì ti mú un gan. Ó tẹjú mọ́ òwú náà. Orí Bíńtín ló ti já bọ́.

Kó tó wọ takisí, ó pe ilé ìwé. Olùkọ́ Bíńtín fi í lọ́kàn balẹ̀. "Ọmọ yín wà níbí, ó ń ṣe dáadáa. Láti àárọ̀, kò tíì jáde nínú eré náà rárá. Ó bá ọ̀gá ilé ìwé wí nítorí bọ́tìnì kan tó já lára ẹ̀wù rẹ̀, ó sì bá a rán an. Ó ń sùn báyìí. Kìkì pé tábìlì ìkọ̀wé rẹ̀ ti kéré jù fún un, Mà, ọmọ yín ti dàgbà."

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ bá nílé Bọ̀dá, ó ń nu ọkọ̀, fìlà rẹ̀ wà lábẹ́ apá. "Mi ò ṣe nǹkan kan, Màdáàmù," ó ní, kí ẹnikẹ́ni tó bi í. "Ọ̀gá ní mi ò gbọdọ̀ wo Màmá lójú, mi ò sì gbọdọ̀ bá wọn jiyàn. Mi ò wò wọ́n, mi ò jiyàn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tẹ fèrè ọkọ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé ibí."

Ìyàwó Bọ̀dá fà á wọ kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. "Àǹtí Kékeré, ẹ rọra. Ẹ má tíì sọ nǹkan kan."

"Ẹ ti rí i?"

"Mo rí i láti ìgbà tí wọ́n ti sọ̀ nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ìyàwó ilé ni kí n sọ fún ọkọ mi pé ìyá rẹ̀ kì í ṣe ìyá rẹ̀? Tó bá wá lọ jẹ́ pé òun ni ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

Nínú pálọ̀, Bíńtín wà lórí àga tó tóbi jù nínú ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, agbòòrùn wà láàárín orúnkún rẹ̀. Tó bá ti mira, ọ̀rá orí àga á han. Bọ̀dá dúró níwájú rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹríba díẹ̀. Súìtì wà lórí àwo pẹlẹbẹ, wọ́n tò ó.

"Ó dáa bó o ṣe wá," Bọ̀dá ní. "Wo Màmá."

"Mo ń wò wọ́n, sà."

"Ṣé bí wọ́n ṣe rí lọ́dọ̀ rẹ nìyí?"

Alágbàfọ̀ wá èyí tí kì í ṣe irọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀. "Bí wọ́n ṣe kúrò lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ nìyí, sà."

Bíńtín rí ìyá rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò jáde nínú eré. "Káàbọ̀, ọmọ mi," ó ní.

"Ẹ kú ilé, Mà," ìyá rẹ̀ dáhùn, kó tó mọ ohun tó ń sọ.

Ibi tó dé bá a nìyẹn, ó sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn méjì péré ló wà. Tó bá ní, "Bọ̀dá, Bíńtín nìyí," Bọ̀dá á ní ó dáa, á pe awakọ̀, á ní kó padà lọ gbé Màmá gidi wá, ó sì parí nìyẹn, àga ẹnu ọ̀nà á ṣófo títí ayé. Tó bá dákẹ́, Bíńtín ni yóò máa gbé ilé yìí, tí yóò máa fi ìwọ̀n sun oorun ọ̀sán, títí tí òun alára á fi dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń pè é. Ó wo ìyàwó Bọ̀dá. Ìyẹn ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú pálọ̀ yẹn.

Bọ̀dá kò mọ ìyẹn. Ó yíjú sí àga ńlá. "Màmá, mo ti fi yàrá yín hàn yín. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Hùn," Bíńtín ní.

Gbogbo wọn dúró. Bíńtín ń rò ó. Yàrá náà ní bẹ́ẹ̀dì gíga kan, kò ní aṣọ tí èèyàn lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kò sì ní àpò kan tó ṣe é yẹ̀ wò. Ní ilé ìwé, wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn.

"Rárá," ó ní.

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ nínú pálọ̀, kò sẹ́ni tó gbé e. Ìyàwó Bọ̀dá di ara ògiri mú. Bọ̀dá ya ẹnu, ó pa á dé, ó tún yà á. Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ kò sì tíì sọ èyí fún un rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá àga fúnra rẹ̀. Ó jókòó.

"Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni, Mà?"

Bíńtín tẹjú mọ́ ọn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ohun tí kò mọ̀. Ohun tó ń gbọ́ létí ní gbogbo ìgbà tí Bọ̀dá bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ni.

"Ọmọ mi, o kì í jókòó. Tó o bá wá kí mi, o máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá ka mítà iná. Mo gbé àga kejì kalẹ̀ dè ọ́. Tó o bá ti lọ, mo máa ń tì í padà." Ó nu imú pẹ̀lú apá súwẹ́tà. "Mi ò fẹ́ àga eléyìí. Ó ń han. Ilé ni mo fẹ́ lọ, kí o máa wá bá mi níbẹ̀, kí o jókòó."

Bọ̀dá wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan, ó wò ó pẹ́ títí. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó dun Alágbàfọ̀ wọra, ó sì yà á lẹ́nu pé ó ń dùn ún, nítorí pé láti kékeré, ẹ̀gbọ́n òun kò tíì ṣe é láàánú rí.

"Mo gbọ́, Mà," Bọ̀dá ní. "Ẹ ó padà sílé." Ó dìde, ó sì di òṣìṣẹ́ ìjọba padà. "Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí à ń gbà ṣe é. Mo gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n tí wọ́n fi kúrò lọ́dọ̀ mi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti rù."

Ó wọlé, ó gbé òṣùwọ̀n onírin rẹ̀ jáde, èyí tó fi ń dán gbogbo òṣùwọ̀n yòókù wò, tó jẹ́ pé òun nìkan ló máa ń nù ún, ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó gbé e kalẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Ó di Bíńtín lọ́wọ́ mú, ó ràn án lọ́wọ́ gùn ún, jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń mú arúgbó sọdá títì. Alágbàfọ̀ dijú. Ó ní ó tán, irin kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Ìgbà tó lajú, Bọ̀dá ti bẹ̀rẹ̀ síwájú òṣùwọ̀n. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kò pé ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Ó kà á. Ó gbá òṣùwọ̀n náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó tún un kà. Ó wá gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀, láti bàtà dé ìbàdí, láti ìbàdí dé orí. Lápá òsì, òwú ti ṣí, irun dídì kékeré kan tó dúdú kirimú ti yọrí jáde. Ó wo irun náà. Bíńtín náà ń wò ó.

"Hùn," Bíńtín ní, ohùn rẹ̀ kéré.

Bọ̀dá ki ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀. Ó fa ìwé pupa kan yọ, ó bó ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú òṣùwọ̀n ara rẹ̀ dáadáa, ó fi àtàńpàkò ra igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Òṣùwọ̀n yìí ń purọ́," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lò ó mọ́."

Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ́ ẹ̀rín mọ́nú títí ó fi ní láti wọ ilé ìdáná lọ. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù Màmá lọ sínú ọkọ̀, òun ló sì gbé Bíńtín jókòó sẹ́yìn. Alágbàfọ̀ wọlé tẹ̀ lé e, kò mọ ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nírú ọjọ́ báyìí, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó tún ní, "Ẹ ṣeun." Bọ̀dá na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, ó fi òwú bo irun dídì yẹn padà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Màmá," ó ní, "tẹ́ ẹ bá délé, ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ ní mo ti gbọ́."

"Ó dáa, ọmọ mi," Bíńtín ní, ó sì na ọwọ́ síwájú láti tẹ fèrè.

Nígbà tí wọ́n dé, ọkọ̀ ilé ìwé ti já Màmá sílẹ̀. Ó ti wà lórí àga rẹ̀, ó ti bọ́ bàtà, rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ búlúù kan wà láyà ẹ̀wù rẹ̀.

"Mo gba ipò kejì," ó ní. "Wọ́n ní mo ti ṣe é láṣejù."

"Ta ló gba ipò kìíní?" Bíńtín bi í, ojú rẹ̀ le.

"Ọmọkùnrin kan tó fẹ́ di ẹ̀rọ ìfọṣọ."

Alágbàfọ̀ kò fẹ́ràn ìdájọ́ yẹn, kò sì tíì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Bíńtín bọ́ fìlà òwú, ó jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Màmá gbọ́ ọ dé òpin. Ó yọ rìbọ́ọ̀nù náà láyà, ó há a mọ́ ọmọ náà láyà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì wà lórí àga kejì títí tí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọjọ́ Àìkú, Bọ̀dá dé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo Màmá, ó wo àjà, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ wo aago, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó sórí àga kejì. Kò sí ẹni tó mẹ́nu kan ọjọ́ Ẹtì. Màmá gbé ṣòkòtò oníbàárà kan lé e lẹ́sẹ̀ pé kó bá òun yẹ àpò rẹ̀ wò, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ni Bíńtín bá yọ láti ẹ̀yìn aṣọ pẹ̀lú ife omi fún un. Bọ̀dá rí i, ṣòkòtò bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti fò dìde, ó ti tẹríba. "Ẹ káàsán, Mà," ó ní.

Màmá fi ọwọ́ kan èjìká ọmọ rẹ̀.

"Jókòó, ọmọ mi," ó ní.

Bọ̀dá jókòó.